EDI pẹ̀lú àwọn olùpèsè: ibo ni kí ilé iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀?

Òǹrajà Àgbárá

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọjà rírà, mo kí yín o. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Àgbárá ń ṣe ohun mímu inú ìgò, èmi ni mo sì wà nídìí ríra ìgò, ọmọrí ìgò, lébẹ́ẹ̀lì, páálí àti ọ̀rá tí a fi ń wé e. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí ni pé akọ̀wé mi yóò tẹ LPO, ìwé tí a fi ń bèèrè ọjà lọ́wọ́ olùpèsè, jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ọ̀gá yóò buwọ́ lù ú, a ó yà á ní fọ́tò, a ó fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì tàbí WhatsApp, olùpèsè náà yóò sì wá jókòó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ọjà bá dé, àwọn ará sítọ̀ yóò tún ohun tó wà lára wébíìlì tẹ̀. Bí ínfọ́ìsì bá dé, àwọn ará akáǹtì yóò tún un tẹ̀. Iye ọjà kan náà ni ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń tẹ̀ kí a tó sanwó, ó sì ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn bára mu.

Àwọn aláṣẹ wa ti ní kí a bẹ̀rẹ̀ EDI (Electronic Data Interchange) kí ọdún yìí tó parí, kí LPO máa ti inú kọ̀ǹpútà wa bọ́ sínú kọ̀ǹpútà olùpèsè láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀. Olùpèsè tí a ní lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan nínú wọn ní ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé fóònù ọ̀gá wọn ni ọ́fíìsì wọn. Ta ni kí n kọ́kọ́ pè, kí ni kí n sì tún ṣe nínú ilé ara wa kí n tó pe ẹnikẹ́ni?

Oníkọ̀ǹpútà Ìkejà

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà, nítorí àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà máa ń dà á rú mọ́ àwọn oníbàárà lójú. LPO tí a fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì kì í ṣe EDI, bó ti wù kó dára tó. Àwòrán ìwé ni. EDI ni kí ìwé náà di ìlà ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà méjì ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ṣe ń kọ ọ́, tí èkejì yóò sì kà láìbéèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà X12 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ni wọ́n ń lò jù, níbi tí LPO ti ń jẹ́ 850 tí ínfọ́ìsì sì ń jẹ́ 810. EDIFACT ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ti Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn, níbi tí LPO ti ń jẹ́ ORDERS tí ínfọ́ìsì sì ń jẹ́ INVOIC. Ẹ wo bí ìlà mẹ́rin nínú ORDERS ṣe rí:

BGM+220+4500017+9'
DTM+2:20260316:102'
LIN+1'
QTY+21:500:MIL'

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé LPO ni èyí, pé nọ́ńbà rẹ̀ ni 4500017, àti pé ojúlówó ni, kì í ṣe àtúnṣe. Ìkejì sọ pé ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2026 ni a fẹ́ kí ọjà dé. Ẹ̀kẹta ṣí ọjà àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin sì sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni a fẹ́, kí a kà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí MIL túmọ̀ sí nìyẹn.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edward Guilbert, tí ó wà lára àwọn tó ń fi bàálù kó oúnjẹ lọ sí Berlin ní 1948 sí 1949, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó bí iṣẹ́ yìí. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìwé ẹrù kan ṣoṣo, tí gbogbo ènìyàn ń kọ bákan náà tí a sì lè fi tẹ́lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ ìwé.

Ìyá Sítọ̀

Ọ̀rọ̀ MIL tí Oníkọ̀ǹpútà Ìkejà fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn mú mi rẹ́rìn-ín, nítorí ojú mi ti rí i. Mo ti wà nídìí sítọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣáájú ibi tí mo wà báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a fi ń ra ọmọrí ìgò: bí a bá kọ 500, ọ̀kẹ́ márùn-dín-lọ́gbọ̀n, ìyẹn 500,000, ni a ń bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́ sórí LPO láti ọjọ́ pípẹ́, olùpèsè wa sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a fi EDI ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tiwọn ka 500, kò sì wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó ṣe àtẹ ìtúmọ̀ fún wọn rò pé ẹyọ ni gbogbo ayé fi ń ka ọjà. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni awakọ̀ wọn wọlé. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan lé orí tábìlì mi, bí irú èyí tí a fi ń ra ẹran ní ọjà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọmọrí ló wà nínú rẹ̀, kò lé ọ̀kan, kò dín ọ̀kan, pẹ̀lú wébíìlì tí ọ̀gá sítọ̀ tiwọn ti buwọ́ lù. Nígbà tí mo pè é, ó ní òun rò pé àpẹẹrẹ ni a fẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí ń de ọmọrí dúró láti alẹ́ ọjọ́ náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ọ̀gá mi, ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú EDI náà. Ìwé dé, kọ̀ǹpútà kà á, kò sì sí ẹni tó ṣàṣìṣe ìtẹ̀wé. Nígbà tí ó jẹ́ ènìyàn ni ó ń kà á, ọgbọ́n orí rẹ̀ ni ó ń bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Nítorí náà, kí ẹ tó pe olùpèsè kankan, ẹ mú ìwé àkójọ ọjà yín jáde, kí ẹ sì wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ ó bá ọjà kan náà tí ó ní nọ́ńbà mẹ́ta, nítorí akọ̀wé mẹ́ta ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ó bá páálí tí ẹ ń rà ní ẹyọ tí olùpèsè ń tà ní ìdì tó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú, àti ọ̀rá tí ẹ ń rà ní kílò tí òun ń tà ní róòlù. Róòlù méjì kì í sì í wúwo bákan náà! Oṣù mẹ́ta ni ó gbà wá láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń sin ìjọba nígbà náà, kò sì sí iṣẹ́ kan nínú ètò náà tó san wá lérè tó bẹ́ẹ̀.

Òǹrajà Àgbárá

Ẹ ṣeun, mà. Mo lọ wo àkójọ tiwa lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Lébẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní nọ́ńbà mẹ́rin.

Ará Birmingham

Ẹ̀ka ọjà rírà ni èmi náà wà, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní agbègbè Birmingham níhìn-ín. EDI ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1982 ni àwọn ilé ìtajà ńlá ti ń lo ìlànà tiwọn tó ń jẹ́ TRADACOMS. Nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, a kì í fi LPO ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Àdéhùn ńlá kan ni a ń ṣe, lẹ́yìn náà ni a ó máa fi DELFOR sọ fún olùpèsè iye tí a rò pé a ó nílò ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí a ó sì fi DELJIT pè é fún èyí tí a fẹ́ gan-an ní ọjọ́ àti wákàtí pàtó. Mo rò pé ìgò àti ọmọrí yín lè gba irú ètò yìí, nítorí ẹ ń rà wọ́n láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó ń ṣe ìgò yóò fẹ́ràn láti mọ ohun tí ẹ ń gbèrò fún oṣù mẹ́ta ju kí LPO já lù ú lójijì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ èsì. Oríṣi mẹ́ta ni, àwọn ènìyàn sì ń fi ọ̀kan pe èkejì. Bí ẹ bá lo ọ̀nà ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní AS2, kọ̀ǹpútà ọ̀hún yóò dá MDN padà, èyí tó túmọ̀ sí pé àpò ìwé ti dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni CONTRL yóò dé, tí X12 ń pè ní 997, tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣí àpò náà, wọ́n sì rí i pé bí a ṣe kọ ọ́ bá ìlànà mu. Kò sí èyí tó sọ pé olùpèsè gbà láti kó ọjà wá nínú méjèèjì. ORDRSP nìkan ló ń sọ ìyẹn, òun ni X12 ń pè ní 855: bẹ́ẹ̀ ni, a gbà, tàbí a gbà, ṣùgbọ́n ọ̀tàlénígba ni a ní, ọjọ́ Ẹtì ni yóò sì dé. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, CONTRL ni a ń wò, tí a ń sùn fọnfọn. Ẹ fi í sínú àdéhùn pé ORDRSP gbọ́dọ̀ dé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tàbí iye tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé, kí kọ̀ǹpútà yín sì máa pariwo bí kò bá dé. Ká ní èyí wà nílẹ̀ fún Ìyá Sítọ̀ ni, tí ORDRSP náà sì sọ pé ẹyọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọjọ́ tí LPO jáde ni wọn ìbá ti mọ̀.

Àṣìṣe tiwa rèé. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí AS2 fi ń dá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ̀ ní ọjọ́ ìparí. Ti olùpèsè wa kan parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ìwé tí a fi ránṣẹ́ sì ń padà sí àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni a tó mọ̀, nígbà tí ọkọ̀ tí à ń retí kò wá. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ ìparí gbogbo ìwé ẹ̀rí ti wà lára ògiri ọ́fíìsì mi, lórí bébà lásán, mo sì ń fi bírò pupa fà á.

Olùpèsè Páálí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń fi ipá mú náà sọ̀rọ̀. Páálí ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, mo sì ń tà fún ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn ti sọ fún mi pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí akọ̀wé mi lọ sórí ojú ìwé ayélujára tiwọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó wo LPO níbẹ̀, kí ó tún un tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, kí ó sì tún padà lọ tẹ ínfọ́ìsì síbẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò dín kù o. Ọ́fíìsì mi ni wọ́n kó o wá. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n máa san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀gá Àgbárá, mo gbà pé ojú ìwé bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó ń ta ọjà fún yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà, kí ẹ sì bá a gbé lára ìnáwó àkọ́kọ́, nítorí ọwọ́ yín ni èrè náà kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹ má sì sọ pé AS2 ni dandan. AS2 fẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í kú tọ̀sán tòru. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pa jẹnẹrétọ̀ mi, nítorí mi ò lè máa sun dísẹ́ẹ̀lì torí LPO tó lè dé ní aago méjìlá òru. Ohun tó bá mi lára mu ni VAN, ilé ìfìwéránṣẹ́ àárín tó ń gba ìwé pamọ́ fún mi títí n ó fi tan iná láàárọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba owó lórí iye ọ̀rọ̀ tó bá kọjá, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn ju dísẹ́ẹ̀lì lọ.

Ohun kan tún wà tí n kò ní dákẹ́ lé lórí. Bí LPO bá ti di ti kọ̀ǹpútà, àwọn kan nínú àwọn oníbàárà mi a máa yí i padà lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kò ná wọn ní nǹkan kan mọ́. Bébà ti wọ inú ẹ̀rọ tèmi, mo ti gé e. Ẹ fi wákàtí kan sínú àdéhùn tí kò ní sí àyípadà mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Òǹrajà Àgbárá

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n, n kò sì ní gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa ṣe sí ọ̀rọ̀ iye owó? Dọ́là kì í dúró lójú kan. LPO máa ń jáde ní iye kan, ínfọ́ìsì a sì dé ní iye mìíràn. Lónìí, fóònù ni a fi ń yanjú rẹ̀. Kí ni kọ̀ǹpútà máa ṣe?

Akáǹtì Ọ̀tà

Kọ̀ǹpútà máa kọ̀ ọ́ ni, ohun tó sì yẹ kó ṣe nìyẹn. Nǹkan mẹ́ta ni a ń fi wéra kí a tó sanwó: LPO, ohun tí sítọ̀ gbà wọlé, àti ínfọ́ìsì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ó yẹ kí ínfọ́ìsì lọ fún sísan láìkan ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọn kò bá bára mu, yóò dúró. Níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdajì wọn ló ń dúró, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé EDI kò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àìbáramu tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó wá hàn sí gbangba. Ẹ pinnu ìyàtọ̀ kékeré tí ẹ lè gbójú fò. Fún àwọn ọjà tí dọ́là ń gbé sókè sódò, ẹ jẹ́ kí olùpèsè fi PRICAT, ìwé iye owó, ránṣẹ́ kí LPO tó jáde, kí ó sì ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Nígbà náà, orí iye owó ni ìjà yóò wà kí a tó ra ọjà, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti lò ó tán.

Ẹ má gbàgbé ìjọba náà. FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, tó ti di NRS báyìí, ti ṣètò ínfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù márùn-ún náírà. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ínfọ́ìsì olùpèsè tí òfin yìí kàn gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ wọn kí ó gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ínfọ́ìsì tí wọ́n ń pè ní IRN, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìlànà UBL ni wọ́n ń lò, kì í ṣe EDIFACT. Nítorí náà, bí mo bá wà ní ipò yín, n kò ní jà fún INVOIC rárá. LPO, ORDRSP àti ìwé ọjà tó ń bọ̀ ni n ó ṣe ní EDIFACT; ínfọ́ìsì UBL tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni n ó gbà bẹ́ẹ̀, kí olùpèsè má baà ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Sítọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí ìwé ọjà tó ń bọ̀. DESADV ni orúkọ rẹ̀. Olùpèsè ń fi í ránṣẹ́ bí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó wà lórí pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí pálẹ́ẹ̀tì náà bá ní lébẹ́ẹ̀lì SSCC lára, nọ́ńbà oníméjìdínlógún tí a fi ń dá pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ọmọ sítọ̀ yóò kàn fi ẹ̀rọ wò ó, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn ṣíwọ́ kíkà. Fún oṣù mélòó kan, ẹ ṣì máa ka pálẹ́ẹ̀tì kan nínú mẹ́wàá. Mo ti rí DESADV tó mọ́ tónítóní tí ìdì méjì kò sí nínú ọjà.

Amòfin

Kí n fi díẹ̀ kún un. Òfin Ẹ̀rí 2011, ní abala 84, gba ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà, bí a bá mú àwọn ohun tó là kalẹ̀ ṣẹ; lára wọn ni pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé a ń lò ó déédéé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé EDI bó ṣe dé gan-an, kì í ṣe èyí tí kọ̀ǹpútà yín ti túmọ̀ nìkan. Kí ẹ sì kọ àdéhùn pẹ̀lú olùpèsè kọ̀ọ̀kan kí ìwé àkọ́kọ́ tó kọjá: ìgbà wo ni a gbà pé LPO ti dé, ta ló ru ẹ̀bi bí ilé ìfìwéránṣẹ́ àárín bá sọ ọ́ nù, èwo ni a ó tẹ̀ lé bí ìwé kọ̀ǹpútà àti ìwé bébà bá takora.

Òǹrajà Àgbárá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ṣe ìpàdé lánàá. N kò ní pe ọgọ́rùn-ún olùpèsè. Olùpèsè ìgò, ti ọmọrí àti ti páálí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èyí tó pọ̀ jù nínú LPO wa ń lọ. Kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, akọ̀wé mi àti ẹnì kan láti sítọ̀ yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tún àkójọ ọjà ṣe. Ìyá Sítọ̀, mo mọ̀ pé ẹ ní oṣù mẹ́ta, ohun tí wọ́n fún mi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi oṣù kan rán LPO bébà àti ti kọ̀ǹpútà papọ̀, a ó sì máa fi wọ́n wéra ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àyípadà yóò máa dópin. Ọ̀gá wa kò tíì gbà láti bá olùpèsè páálí san ìdajì owó VAN. Mo ń padà lọ bá a lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.